Ara Awòran Kì Í Jókòó: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ọpọlọ Nígbà Tí Ojú Bá Ń Wòran

Bí iṣu tuntun bá ti dé, tí ọdún Ògìyán sì pé ní Èjìgbò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Àárín ọ̀nà ti ní àwọn tó ni ín. Àdúgbò méjì ni àṣà ìlú yàn láti kojú ara wọn pẹ̀lú àtòrì: Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀ lápá kan, Òkè Mápó lápá kejì. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ilẹ̀ Yorùbá já, tó sì gba orúkọ Fátúmbí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn méjèèjì fi máa ń na ara wọn.

Ìtàn tó gbọ́ nípa ìdí rẹ̀ dùn létí. Ẹlẹ́jìgbò, ọba ìlú náà láyé ìgbà náà, fẹ́ràn iyán ju gbogbo oúnjẹ lọ. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, kì í fi í sílẹ̀ lọ́sàn-án, bí ebi bá sì jí i lóru, iyán náà ni. Babaláwo kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe ti ìrìn àjò dé, ó sì béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ibodè bó ṣe máa ń pè é láyé àtijọ́: Ògìyán ńkọ́, Òrìṣà tó ń jẹ iyán? Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ló ń pe ọ̀rẹ́. Wọ́n nà án bí ẹni na bàrà, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ọdún méje gbáko, òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn obìnrin kò bímọ, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Ìgbà tí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́, ohun tó béèrè kó tó dárí jì wọ́n ni pé kí àwọn ará ìlú náà máa na ara wọn lọ́dọọdún.

Ti àwọn tó ń jà nìyẹn. Àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń bá lọ.

Ẹni tó bá gbójú kúrò lára àwọn tó ń jà, tó wá kọjú sí awòran, yóò rí ìran mìíràn tó yàtọ̀. Bí àtòrì bá ti gòkè, èjìká àwọn tó ń wò á sún díẹ̀. Bó bá ti balẹ̀ sẹ́yìn ẹnìkan, ẹlòmíràn tí àtòrì kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé á ká ẹ̀yìn kò, á ní "Yéè!" Àwọn ọmọdé á máa fi ọwọ́ òfìfo na afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilé ìwo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́ńdọ̀nù ni bọ́ọ̀lù wà, ẹni tó jókòó ní Èjìgbò ló fẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí á rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà á bínú, eré á sì máa lọ.

Kí ló ń ṣe ara tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn?

Ó bọ́ sí i pé inú ìran ìjà mìíràn ni ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn àkọ́kọ́ ti jáde. Ní 1954, Henri Gastaut, dókítà ọpọlọ ní ìlú Marseille, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bert, tẹ́ wáyà sórí awọ orí àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń fi sinimá hàn wọ́n. Wáyà náà ń gba iná mànàmáná wẹ́wẹ́ tí ọpọlọ ń ta, ẹ̀rọ sì ń fi í ya ìlà sórí ìwé. Àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìgbì kan wà lórí apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó máa ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ìsinmi ni. Bí ènìyàn bá di ẹ̀ṣẹ́ báyìí, ìgbì náà á pòórá, nítorí apá ọpọlọ náà ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí Gastaut rí ni pé bí àwọn akànṣẹ́ bá ti yọ lójú sinimá, ìgbì náà ń pòórá lórí ẹni tó kàn jókòó, tí kò gbé ìka sókè.  Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó tún padà sí i.

Àwọn ọ̀bọ ló mú wọn padà. Ní yunifásítì ìlú Parma ní Ítálì, Giacomo Rizzolatti àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, Giuseppe di Pellegrino, Luciano Fadiga, Leonardo Fogassi àti Vittorio Gallese, ń ṣe ìwádìí lórí apá kan níwájú ọpọlọ ọ̀bọ tó ń ṣètò bí ọwọ́ yóò ṣe di nǹkan mú. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gbọ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀bọ bá mú ẹ̀pà, sẹ́ẹ̀lì náà á ta pàràpàrà. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé nígbà tí olùwádìí fúnra rẹ̀ na ọwọ́ mú oúnjẹ níwájú ọ̀bọ tó jókòó jẹ́ẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà tún ta. Ọ̀bọ kò ṣe nǹkan kan. Ó wò ni. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1992. Ní 1996 wọ́n sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní orúkọ tó gbajúmọ̀ lónìí, sẹ́ẹ̀lì dígí, nítorí ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń gbé yọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí i pé kì í ṣe ojú nìkan. Ní 2002, Evelyne Kohler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Parma yìí kan náà kọ ọ́ pé àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí máa ń ta bí ọ̀bọ bá gbọ́ ìró ẹ̀pà tí wọ́n ń pa, tàbí ìró bébà tí wọ́n ń fà ya, láìrí ọwọ́ tó ń ṣe é. Ní ìlú tí iyán ti sọ ọba lórúkọ, ọ̀rọ̀ yìí kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri ibi tí iyán dé. Ìró ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣu ṣì ń fọ́ sábẹ́ ọmọ odó, yàtọ̀ sí ìró ìgbà tó ti dì, tó ń fà, tí ọmọ odó ń fipá yọ jáde. Ọmọ tí kò gún un rí gbọ́ gbì, gbì, gbì. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé omi díẹ̀ ló kù kí wọ́n ta sí i.

A kì í ki wáyà bọ inú ọpọlọ ènìyàn tí ara rẹ̀ le nítorí ìwádìí. Ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Ní 1995, Fadiga gbé ẹ̀rọ òòfà alágbára kan sókè orí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ní ọ̀gángán ibi tó ń darí ọwọ́. Bí òòfà náà bá ta lẹ́ẹ̀kan, iṣan ọwọ́ á fò díẹ̀, wọ́n á sì wọn bí fífò náà ti tó. Wọ́n ta á nígbà tí àwọn ènìyàn ń wo nǹkan tó dá dúró, wọ́n sì ta á nígbà tí wọ́n ń wo ẹnìkan tó na ọwọ́ mú nǹkan. Òòfà náà kò yí padà, agbára kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ń wo ọwọ́ tó ń mú nǹkan, fífò iṣan máa ń pọ̀ sí i, ó sì jẹ́ àwọn iṣan tí awòran fúnra rẹ̀ ì bá lò bó bá jẹ́ òun ló fẹ́ mú un. Ìyẹn ni pé nígbà tó ń wòran, ọ̀nà láti ọpọlọ dé ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná, bí ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣáná sí ṣùgbọ́n tí kò tíì kúrò lójú kan.

Kí ló wá dé tí kò fi kúrò? Bí gbogbo awòran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bá ń ṣe ohun tí ọpọlọ wọn ti múra tán láti ṣe, ọdún Ògìyán kì bá ní awòran rárá; gbogbo ìlú ni ì bá máa na ara wọn. Àwọn àgbà ní aáyán fẹ́ jó, ẹ̀rù adìyẹ ni kò jẹ́. Ó dà bí ẹni pé adìyẹ kan wà nínú ọpọlọ náà. Ní 2010, Roy Mukamel, Itzhak Fried, Marco Iacoboni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Los Angeles gba àǹfààní lọ́dọ̀ aláìsàn wárápá mọ́kànlélógún tí àwọn dókítà ti fi wáyà sí lọ́pọlọ láti wá orísun àìsàn náà. Wọ́n gbọ́ ìró sẹ́ẹ̀lì 1,177. Wọ́n rí àwọn tó ń ta nígbà tí ènìyàn ń ṣe nǹkan àti nígbà tó ń wò ó, bíi ti ọ̀bọ. Wọ́n sì tún rí àwọn mìíràn tó ń ta nígbà tí ènìyàn ń ṣe é, ṣùgbọ́n tó ń dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó ń wò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdákẹ́ yìí ló ń sọ fún ara pé ti ẹlòmíràn ni, kì í ṣe tìrẹ, dúró. Ní ilé ìwo bọ́ọ̀lù, bí góòlù bá ku díẹ̀ kó wọlé, adìyẹ náà a máa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ǹṣì iwájú ló ń jìyà rẹ̀.

Títí dé ibí, ẹni tó ń kà á lè rò pé gbogbo awòran ni ọ̀rọ̀ náà bá lọ́nà kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ní 2005, Beatriz Calvo-Merino, Daniel Glaser, Patrick Haggard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kó ọ̀wọ́ ènìyàn mẹ́ta jọ: àwọn oníjó ballet, àwọn tó ń ṣe capoeira, àti àwọn tí kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Capoeira ni ìjà tó tún jẹ́ ijó, tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil dá sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ wọn sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì ń fi fíìmù kéékèèké hàn wọ́n, ti ballet kan, ti capoeira kan. Lára oníjó ballet, apá ọpọlọ tó ń ṣètò ìgbésẹ̀ tàn sí i nígbà tí ballet wà lójú fíìmù. Lára oníjó capoeira, capoeira ló tàn án. Àwọn ọ̀wọ́ kẹta kò mọ ìyàtọ̀, ọpọlọ wọn náà kò sì fi ìyàtọ̀ hàn.

Ẹnìkan lè sọ pé ojú ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ara; pé oníjó ballet ti wo ballet ju ẹlòmíràn lọ ni. Àwọn olùwádìí náà ti ro ìyẹn. Nínú ballet, ìgbésẹ̀ wà tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, òmíràn wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, bẹ́ẹ̀ inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́ ijó, tí wọ́n ń wo ara wọn lójoojúmọ́. Ojú ọkùnrin mọ ìgbésẹ̀ obìnrin bí ẹni mowó. Ní 2006 wọ́n dán an wò. Ìgbésẹ̀ tí oníjó náà fúnra rẹ̀ ń jó ló ń mú apá ọpọlọ náà ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe èyí tó kàn mọ̀ lójú.

Ìran àtòrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wá yí padà. Àgbà ọkùnrin tó ti di àtòrì mú nígbà èwe rẹ̀ àti àlejò tó wá láti Ìbàdàn láti wá ya fọ́tò jọ dúró síbì kan ni, ṣùgbọ́n ìran wọn yàtọ̀. Àlejò rí ariwo àti ẹ̀jẹ̀. Àgbà náà rí ọwọ́ tó rẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò dúró dáadáa, ẹni tó ti ń múra láti yẹ̀ kó tó yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ó rí i kí ó tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ní 2008, Salvatore Aglioti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi fíìmù bọ́ọ̀lù agbọ̀n, èyí tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n òkè, dán irú rẹ̀ wò. Àwọn ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn oníròyìn eré ìdárayá wà níbẹ̀, àwọn tó ti wo bọ́ọ̀lù náà tó bí agbábọ́ọ̀lù ti wò ó. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n á dá fíìmù dúró lójijì, nígbà mìíràn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, wọ́n á sì béèrè pé: yóò wọlé àbí kò ní wọlé? Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló tètè mọ̀ jù, ara ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń wò láti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi òòfà wọn iṣan ọwọ́ wọn, ti akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ti oníròyìn náà gbóná nígbà tí wọ́n ń wo jíjù; ṣùgbọ́n nígbà tí jíjù bá fẹ́ ṣìnà, ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀ ní àsìkò gan-an tí àṣìṣe náà ń ṣẹlẹ̀.

Èyí kò ní dùn mọ́ àwọn oníròyìn nínú. Òtítọ́ ni síbẹ̀.

Brazil ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀, kò sì ní dára kí a fò ó kọjá láìsọ pé Ògìyán ti Èjìgbò náà dé ibẹ̀. Oxaguiã ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Bahia, jagunjagun ọ̀dọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, odó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àmì rẹ̀. Ọdún kan tí wọ́n ń ṣe fún un ń jẹ́ Pilão de Oxaguiã. Pilão ni odó lédè Potogí. Àtòrì ń jáde nínú ọdún náà, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é, atori, wọ́n a sì máa fi í kan àwọn ènìyàn lára fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn tí wọ́n kó lọ. Ẹ̀kọ́ tó wọ ara wọn kí wọ́n tó kúrò nílé ni, ọmọ sì wò ó lára bàbá, ọmọ-ọmọ wò ó lára ọmọ.

Àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì dígí ga ju bó ti yẹ lọ. Ní 2000, V. S. Ramachandran, gbajúmọ̀ onímọ̀ ọpọlọ ní California, sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé ohun tí DNA ṣe fún ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni sẹ́ẹ̀lì dígí yóò ṣe fún ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí wọn kò fi sẹ́ẹ̀lì yìí ṣàlàyé: àánú, èdè, ìfẹ́, àní àìsàn ọmọ tí kì í wo ènìyàn lójú. Gregory Hickok, tó wá láti California kan náà, kọ odindi ìwé ní 2014 láti fà wọ́n létí. Àtakò rẹ̀ lágbára. Ó ní bó bá jẹ́ pé apá ọpọlọ tó ń ṣe nǹkan ni a fi ń lóye ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe, a jẹ́ pé ẹni tí àìsàn bá ti ba apá náà jẹ́ kò gbọdọ̀ lóye mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń lóye. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ohun tí aya rẹ̀ ń sọ, kó sì bínú sí i.

Ìwádìí kan tí Giovanni Buccino ṣe ní 2004 fi àyè sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó fi fíìmù aláìlóhùn hàn àwọn ènìyàn: ènìyàn tó ń gé oúnjẹ jẹ, ọ̀bọ tó ń gé oúnjẹ jẹ, ajá tó ń gé oúnjẹ jẹ. Ọpọlọ àwọn tó ń wò ó tàn ní apá ìgbésẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí gbogbo wa la ní eyín. Lẹ́yìn náà ó fi ajá tó ń gbó hàn wọ́n. Apá náà kò dáhùn. Ènìyàn kì í gbó. Síbẹ̀, ta ni kò mọ ohun tí ajá ń wí bó bá ń gbó lóru? Oríṣi mímọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Ojú àti etí lè mọ nǹkan láìsí ọwọ́. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí ọwọ́ bá wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀ jù, ó sì yá jù.

Ibo ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti rí iṣẹ́ wọn kọ́? Àwọn ará Parma rò pé a bí i mọ́ni ni. Cecilia Heyes, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà. Òun ní ẹ̀kọ́ ni, pé ọmọ ọwọ́ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bó ti ń mì í, ó ń wo ìyá tó ń sín in jẹ, rírí àti ṣíṣe sì ń so mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Ní 2007, òun àti Caroline Catmur àti Vincent Walsh ṣe ohun tó dà bí àwàdà. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá rí i tí ìka ìfábẹ̀lá sún lójú fíìmù, ìka ọmọńdinrín tiwọn ni kí wọ́n sún. Bí ọmọńdinrín bá sì sún, ìfábẹ̀lá ni kí wọ́n sún. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, wíwò ìka ìfábẹ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣan ọmọńdinrín gbóná. Dígí náà ti yí sódì. Bí dígí bá lè yí sódì nípa ìkọ́ni, ó ṣòro láti sọ pé a dá a sí ojú kan. Lójú ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ Heyes ló wúwo jù nínú àríyànjiyàn náà, àwọn oníjó Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́rìí fún un.

Ilé tí kò ní ẹnìkan ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, kò wọ́pọ̀ ní Èjìgbò. Àwọn ará Èjìgbò tó ń gbé ibẹ̀ náà lè jẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n ni tiwọn. Ní 2002, Fadiga tún gbé òòfà rẹ̀, ó sì gbé e sí apá ọpọlọ tó ń darí ahọ́n. Àwọn ará Ítálì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èdè wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní r méjì tí ahọ́n ní láti gbọ̀n fún, iṣan ahọ́n àwọn tó kàn ń fetí sílẹ̀ máa ń gbóná ju ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ní f méjì, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ètè. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abidjan rí mọ ibi tí èdè Faransé ti ń bá a jà. Iwájú ẹnu ni r Yorùbá wà, ọ̀nà ọ̀fun ni ti Faransé. Oṣù mélòó kan ni ọmọ náà yóò fi gbọ́ ọ lọ́jà láìlè pè é. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ̀ pé ìṣòro kankan wà níbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì padà sílé fún ọdún, ẹnu nìkan ti tó láti fi mọ ẹni tó fi ahọ́n dàgbà nínú èdè náà àti ẹni tó fi etí wọ inú rẹ̀.

Gbogbo èyí kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, yálà aránṣọ, káfíńtà tàbí mẹkáníìkì, gbà pé kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ máa wò fún oṣù mélòó kan, kó máa gbálẹ̀, kó máa ra oúnjẹ wá, kó máa wò. Kò ṣòfò pátápátá. Emily Cross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé ijó tí ènìyàn kàn wò fún ọjọ́ díẹ̀ láìjó o yé e ju ijó tí kò wò rárá lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó jó ló mọ̀ jù. Nínú ìwádìí rẹ̀ ti 2006, àwọn oníjó fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọ́ ijó kan, bí ó sì ti dá wọn lójú tó pé àwọn lè jó o ni apá ọpọlọ wọn ń tàn tó nígbà tí wọ́n bá ń wò ó. Oṣù mẹ́fà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi jókòó ti máṣínì láìfọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ojú lásán ló fi ṣe. Bí ọ̀gá bá jẹ́ kó rán àpò kan tí kò gún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó tó padà wá jókòó wò, ohun tí yóò rí lọ́wọ́ ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò pọ̀ ju èyí tó rí ní àkọ́kọ́.

Àwọn ìdílé Àyàn kò dúró de òòfà kí wọ́n tó mọ èyí. Ọmọ onílù kì í jókòó wo bàbá rẹ̀ títí tí yóò fi dàgbà. Ìlù kékeré á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n lù, á máa lù ú ségesège lẹ́yìn àwọn àgbà, ojú rẹ̀ á wà lára ọ̀pá ìlù bàbá rẹ̀. Lóde ìnáwó, àwọn ènìyàn á ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọwọ́ ló wà.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wọ ilé ìwòsàn ló yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dé sí. Denis Ertelt, Buccino, Ferdinand Binkofski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ ní Jámánì pẹ̀lú àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti gba apá wọn ní ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn aláìsàn náà ń wo fíìmù ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan wọ́n á gbìyànjú láti fi apá tó rọ ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kan ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n àmì àti lẹ́tà ni wọ́n ń wò dípò ọwọ́. Apá àwọn tó wo ọwọ́ sàn jù. Àwọn tí wọ́n lò kò pọ̀, ẹ̀rọ tó pèsè ìwòsàn náà kò sì ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Fíìmù tí ó bá ará Jámánì mu lè má bá ará Èjìgbò mu. Àwọn oníjó ballet ti fi ìdí rẹ̀ hàn. Bó bá jẹ́ ìyá tó ti gún iyán fún ogójì ọdún ni apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, fíìmù ẹni tó ń fi fọ́ọ̀kì jẹun kò ní bá nǹkan kan pàdé lára rẹ̀. Fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin ti tó láti ya èyí tó yẹ: odó ní àgbàlá tirẹ̀, iṣu tó ṣì ń yọ èéfín, ọwọ́ méjì lórí ọmọ odó, kí ìró rẹ̀ sì yọ dáadáa. Àwọn tó ń tọ́jú apá rẹ̀ nílé ìwòsàn á sọ bí yóò ṣe máa wò ó tó. Bí fíìmù bá ti parí, kí wọ́n gbé ọmọ odó kékeré kan lé e lọ́wọ́, èyí tí kò wúwo, kí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kó sì gbé e sókè níwọ̀n tó bá lè gbé e.